Owó Ìbẹ̀rẹ̀ Ni Kí A Yá Ọmọ Tó Ń Wá Oyè Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí a jọ rò kí ìpàdé gbogbogbòò ọdún yìí tó dé. Ọ̀rọ̀ owó ni, owó gbogbo wa sì ni.

Láti bí ọdún mélòó kan wá, ìwé ẹ̀yáwó tí ń wá síwájú ìgbìmọ̀ kò dá lórí ọjà àti ilé kíkọ́ nìkan mọ́. Òbí á kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi fẹ́ lọ gba oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìṣègùn ní òkè òkun." Iye tí ẹlòmíràn ń béèrè tó ilé kọ́. Bí a bá ní kí ni owó náà wà fún, wọn á ní owó ilé-ìwé ni, àti owó ẹni tó ń bá wọn "ṣe é".

Èrò tiwa rèé, a ò ní fi pamọ́ di ìparí ọ̀rọ̀. Kò yẹ kí ẹgbẹ́ yìí máa yá ènìyàn lówó ńlá láti fi san owó ilé-ìwé irú ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a máa yá wọn lówó kékeré, kí a sì yá wọn lásìkò. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

DÓKÍTÀ TÍ KÌ Í GÚN ABẸ́RẸ́

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá gbọ́ "dókítà", ẹni tó wọ aṣọ funfun ní ọsibítù ló ń wá sí wa lọ́kàn. Oyè tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Ẹni tó ní in kì í tọ́jú aláìsàn, àìsàn fúnra rẹ̀ ló ń wádìí. Òun ló ń béèrè pé, kí ló mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde máa tẹ̀ bíi dòjé? Kí ló dé tí oògùn ibà tí gbogbo wa lò dàgbà kò ran ibà mọ́, títí ìjọba fi ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní 2005? Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, nínú yàrá ìwádìí, láàárín ìgò àti ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yìí kò kan ọjà, kí ó rántí oṣù Keje ọdún 2014 tí Ẹ̀bólà wọ Èkó. Ṣé ẹ rántí? A ò bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ mu ún. Kì í ṣe iyọ̀ ló lé Ẹ̀bólà lọ o. Àwọn onímọ̀ ní LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ti Yunifásítì Redeemer's wà lára àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọ́n sì dá àrùn náà mọ̀ kíákíá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń tọ ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá aláìsàn pàdé kiri. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn kú. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ní 2020 tí Kòrónà dé, tí wọ́n ti ọjà pa mọ́ wa lójú, ibùdó ìwádìí kan ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tú àwòmọ́ kòkòrò náà palẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ọmọ ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ ẹni tó ń tajà bíi tiwa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ń fi àkókò ṣòfò.

ÌKỌ́ṢẸ́ TÍ Ọ̀GÁ Ń SAN OWÓ FÚN

Báyìí ni a ṣe lè fi yé ara wa. Oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ yìí kì í ṣe kí ọmọ jókòó nínú kíláàsì kí ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ìkọ́ṣẹ́ ni. Yàrá ìwádìí ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọ̀gá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nínú irú ìkọ́ṣẹ́ yìí, ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń gba owó.

Ẹ wo ti Amẹ́ríkà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn, ọmọ tí wọ́n bá gbà fún oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìṣègùn kì í san owó ilé-ìwé. Ilé-ìwé á san án, wọ́n á fún un ní owó ìgbọ́bùkátà, wọ́n á sì fi ètò ìlera kún un. Ní ọdún kìíní, ọmọ á lọ yí ká ṣọ́ọ̀bù bí ọ̀gá mẹ́ta, á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó tó yan èyí tí yóò bá ṣiṣẹ́. Ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe o. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lóru, owó ìwádìí tó ń gbé ṣọ́ọ̀bù dúró náà ló ń bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tilẹ̀ béèrè oyè kejì kí wọ́n tó gba ọmọ, oyè àkọ́kọ́ tó dára tó.

Ní Bírítéènì, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ wà. Ọ̀kan ni ti Commonwealth, tó ń san owó ilé-ìwé, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ irú èyí ló ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ pẹ̀lú yàrá ìwádìí tí wọ́n wà. Ní Gánà tó sún mọ́ wa, ibùdó ìwádìí WACCBIP ní Yunifásítì Legon ti fi owó ìrànwọ́ kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Nílé níbí, akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń san owó ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olùkọ́ kékeré ní yunifásítì tó ń gba owó oṣù, TETFund sì ti san owó fún ọ̀pọ̀ irú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ọlọ́jà wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé kí ẹ mú owó ilé-ìwé ọdún márùn-ún wá kí ọmọ yín lè gba oyè yìí lókè òkun, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ yín ti ń gba owó, kí ló dé tí tiyín fi ń san?

IBI TÍ OWÓ TI Ń JÁDE GAN-AN

A ò sọ pé kò ní ná yín lówó o. Owó ń jáde, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó wọlé ló ń jáde. Yunifásítì tí ọmọ ti jáde á gba owó kí ó tó fi ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé-ìwé kan kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Ìwé ìrìnnà ń gba owó. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Amẹ́ríkà sì ń gba owó fọ́ọ̀mù, dọ́là ni. Bí ọmọ bá kọ̀wé sí ilé-ìwé mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba dọ́là 75, dọ́là 600 nìyẹn. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń fojú fo owó fọ́ọ̀mù yìí bí ọmọ bá kọ̀wé bẹ̀ wọ́n ṣáájú, kí ọmọ yín má tijú àtibéèrè.

Ẹ tún wo àsìkò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Amẹ́ríkà ń pa ìlẹ̀kùn dé ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Oṣù Kìíní sí oṣù Kejì ni wọ́n ń pe àwọn tó wù wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni ọmọ tí wọ́n fún lówó ní lọ́pọ̀ ibẹ̀ dà kí ó tó fèsì. Ìparí oṣù Kẹjọ tàbí oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ètò ẹ̀yáwó wa. A ṣe é fún ọjà. Ó ń tò bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe tò, onídùúró méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó bá sì kọ̀wé ní oṣù Kẹsàn-án lè máà rí owó gbà títí ọdún fi yípo. Fún ẹni tó fẹ́ ra ìrẹsì, kò burú, ọjà mìíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n owó fọ́ọ̀mù tó dé ní oṣù Kìíní, ọjà ti tú kó tó dé. Ọdún kan gbáko ni ọmọ yóò tún fi dúró.

OHUN TÍ OWÓ KÒ LÈ RÀ

Ohun tó ń ṣílẹ̀kùn yìí gan-an kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ olùkọ́, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Kì í ṣe ìwé "mo mọ̀ ọ́n, ọmọ dáadáa ni" o. Olùkọ́ tó ti rí i tó ń ṣiṣẹ́ ló lè kọ èyí tí yóò wúlò. Èkejì ni iṣẹ́ yàrá ìwádìí tí ọmọ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀kẹta ni ìwé àlàyé, níbi tí ọmọ yóò ti sọ ohun tó ti wádìí, ohun tó rí, èyí tí kò yọrí sí rere àti ohun tó fẹ́ mọ̀ síwájú sí i.

Ibí yìí ni àwọn alágbàtà ilé-ìwé ti ń rí wa mú. Wọ́n á gba owó, wọ́n á ní àwọn á bá ọmọ kọ ìwé àlàyé. Báwo ni ẹni tí kò wọ yàrá ìwádìí rí ṣe máa kọ ohun tí ọmọ rí níbẹ̀? Ẹni tó ń kà á lọ́hùn-ún, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ ọjà àdàmọ̀dì bí ẹ ṣe mọ ayédèrú àǹkárá. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé sí ilé-ìwé tààrà, kò sí ẹ̀yìnkùlé kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá parí yunifásítì tó ní òun fẹ́ lo ọdún kan lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, tí owó ibẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ má pariwo lé e lórí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbówó ní báǹkì. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí yóò ti wá. Bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ilé ọkọ lé e kúrò níbẹ̀. Ọkọ kì í sá nítorí ìwé.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ó ku ọ̀rọ̀ ewu. Ní oṣù Kejìlá 2025, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026 àwọn dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, àyàfi àwọn díẹ̀ tí àṣẹ náà yọ sílẹ̀. Nínú 2025 yẹn kan náà ni wọ́n gé owó ìwádìí àwọn yunifásítì wọn kan, tí àwọn ilé-ìwé mìíràn fi dín iye ọmọ tí wọ́n ń gbà kù. Àṣẹ ìjọba sì lè yí padà nígbàkúgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo bí òfin ti rí lọ́jọ́ náà, kí ó tó na kọ́bọ̀.

Àwọn kan lè fi èyí sọ pé kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó fún irú nǹkan yìí mọ́. Lójú tiwa, òun gan-an ló gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Ẹni tó yá owó ńlá, tó kó gbogbo rẹ̀ lé ìlẹ̀kùn kan, tí ìlẹ̀kùn náà wá tì, òun àti àwọn onídùúró rẹ̀ wọ gbèsè. Ẹni tó yá owó kékeré, tó fi kan ilẹ̀kùn Legon, ti Ẹdẹ, ti Ìbàdàn, ti Bírítéènì àti ti Jámánì, bí méjì bá tì, yóò gbìyànjú ẹ̀kẹta. Gbèsè rẹ̀ kò sì lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń sọ pé, "Ọmọ ẹni tó kàwé nìkan ni ẹgbẹ́ wà fún ni?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ tó parí iṣẹ́ télọ̀ tó nílò ẹ̀rọ ìránṣọ, owó ìbẹ̀rẹ̀ lòun náà ń wá. Àpò kan náà ni kí wọ́n jọ lò.

ÀBÁ WA FÚN ÌPÀDÉ GBOGBOGBÒÒ

1. Kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè ọdọọdún fún Owó Ìbẹ̀rẹ̀ Ọmọ, fún ìwé àti fún iṣẹ́ ọwọ́, kí ìpàdé sì fi iye tí ẹnì kan lè yá mọ sí ibì kan.

2. Kí a máa gba ìwé rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, kí owó sì jáde kí oṣù Kẹjọ tó parí. Onídùúró kan tó.

3. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀, kí ó mú orúkọ àwọn ilé-ìwé tó fẹ́ kọ̀wé sí wá, ó kéré tán ní orílẹ̀-èdè méjì, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ń pa ìlẹ̀kùn dé àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà.

4. Kí ẹgbẹ́ má san owó kankan fún alágbàtà. Akápò ni kí ó bá ọmọ san owó fọ́ọ̀mù, kí ìwé ẹ̀rí ìsanwó sì wà nínú fáìlì.

5. Kí òbí san owó náà padà láàárín oṣù mẹ́wàá, yálà wọ́n gba ọmọ ni o, tàbí wọn kò gbà á.

Àbá karùn-ún yìí lè le létí àwọn kan. Ṣùgbọ́n owó tí kò padà, ẹni tó tò sẹ́yìn ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ wá sí ìpàdé. Bí àbá wa kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú èyí tó dára jù ú lọ wá, kí a jọ dìbò lé e lórí, kí oṣù Kẹfà má tún bá wa lórí ìjókòó.