Ẹni Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ń Yẹ̀, Ẹ Má Ní Kó Jókòó Sílé

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tó fi ìlú Bìní ṣe ibùgbé! Ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, àwa aṣáájú gan-an ni a ó sì kọ́kọ́ bá wí.

Arábìnrin aránṣọ kan wà láàárín wa, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bó bá ń rìn, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Àwọn kan ní ọtí ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é, kí wọ́n gbé e lọ sílé. Àwa ńkọ́? A ní kó má wá sí ìpàdé mọ́, kó jókòó sílé kó sinmi. A rò pé àánú la ṣe. Nígbà tí wọ́n fi máa ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, tí dókítà sì sọ pé multiple sclerosis ni, èyí tí wọ́n ń pè ní MS, ó ti jókòó tó oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti rọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nínú àrùn yìí, ohun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ló yíjú padà tó ń bá ara jà. Ó ń jẹ awọ tó bo iṣan tí ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri, bí ìgbà tí èkúté bá jẹ rọ́bà ara wáyà iná. Kì í ràn. Obìnrin ló ń ṣe ju ọkùnrin lọ, láàárín 20 sí 40 ọdún ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, kọ ọ́ ní 1971 pé díẹ̀ péré ni àwọn rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ MRI kò tíì dé nígbà náà. Rọpárọsẹ̀ àti ìtọ̀ ṣúgà náà lè mú kí ẹsẹ̀ ẹni máa yẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà ló pe orúkọ rẹ̀.

Kò tíì sí oògùn tó wo MS sàn pátápátá, àmọ́ àwọn kan wà tó ń dín ìkọlù rẹ̀ kù. Ní ti ara tó ń fì, ṣe ni wọ́n ń kọ́ ọ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìrìn. Àwọn onífísíò á ní kí aláìsàn di tábìlì mú, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà kó gbé ọ̀kan síwájú èkejì. Wọ́n á ní kó jọ̀wọ́ tábìlì, kó máa yí orí kó má sì gbé ojú kúrò lára nǹkan kan, kó dìde lórí àga láì fọwọ́ tì í. Bó bá ti rọrùn, wọ́n á mú un le sí i. Ìwádìí ti fi hàn pé ó ń mú kí ara dúró dáadáa sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dáwọ́ dúró á pàdánù èrè rẹ̀. Ooru Bìní yìí pàápàá ọ̀tá ni, nítorí ooru máa ń mú kí àmì MS le sí i fún ìgbà díẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú omi tútù nítòsí, kí wọ́n sì máa sinmi láàárín.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1945 ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ní Ìgbòbí, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ni ní físíò láti 1966. Níbí, ó wà ní UBTH ní Ugbowo. Owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń dá àwọn ènìyàn wa padà. Àwa kan náà ni a ń háyà kánópì tí a ń ra aṣọ ẹbí fún òkú, tí ẹnikẹ́ni kò ráhùn!

Àbá wa ni pé kí àpò ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí dókítà bá ní kó lọ ṣe físíò, kí ọ̀dọ́ kan sì máa tẹ̀ lé e. Arábìnrin aránṣọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó ti ń dúró nídìí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó sì ní òun máa wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, níbi tí a ó ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí. A ti ní kí wọ́n gbé àga tó lápá sí iwájú dè é.