Ẹ Bá Onílé Ṣọdún
Ẹni tó ń kọ́ èdè Finland kò gbọdọ̀ fi mọ sórí ìwé nìkan. Kó bá onílé ṣọdún. Ní ọdún Vappu, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, àwọn tó ti yege ìdánwò àṣejáde girama máa ń dé fìlà funfun. Wọ́n á mu sima, tí wọ́n fi lẹ́mọ́ọ̀nù, ṣúgà àti ìwúkàrà pọn. Bí èso àjàrà gbígbẹ inú rẹ̀ bá ti léfòó, ó ti tó mu nìyẹn. Ní ọdún Juhannus, lóṣù Kẹfà, wọ́n á dáná ńlá létí adágún. Ibi tí èèyàn ti ń jẹ, tó ń rẹ́rìn-ín, ni èdè ti ń yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá pè yín sọ́dún, ẹ má kọ̀. Ẹ lọ, ẹ jẹun, kí ẹ sì la ẹnu yín sọ̀rọ̀.