Ta ni opó nínú ilé yẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ẹ lè máa bú mi lọ.

Àwọn méjì kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jọ gbé yàrá kan àti pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń san owó ilé, àbúrò ló ra fíríìjì, àga àti jẹnẹrétọ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Àwọn ọ̀rẹ́ méjì" là ń pè wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn gbé ẹ̀gbọ́n dé ọsibítù. Wọ́n bi àbúrò pé kí ló jẹ́ sí i. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni. Wọ́n ní kó lọ pe mọ̀lẹ́bí wá kí wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé. Kí mọ̀lẹ́bí tó ti Ìlá dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n wá palẹ̀ ilé mọ́. Fíríìjì, àga, títí kan jẹnẹrétọ̀ tí kì í ṣe ti òkú. Ó ń wò wọ́n. Kí ló fẹ́ sọ? Tó bá lanu pé "ọkọ mi ni", ọlọ́pàá ló ń pè sí ara ẹ̀ yẹn.

Torí pé ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ta ko ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún àwọn tó bá fẹ́ra. Ẹni tó bá jẹ́rìí síbẹ̀, ọdún 10. Ẹ gbọ́ o, ẹlẹ́rìí! Ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ọdún 10. Kódà tí wọ́n bá so yín pọ̀ nílùú òyìnbó, ìwé ẹ̀rí yẹn ò níláárí níbí.

Ẹ rántí Ẹgbẹ́dá l'Ékòó, 2018? Ọlọ́pàá ya bo òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbé ojú àwọn èèyàn hàn fún oníròyìn, ọkùnrin 47 dé kóòtù. Ní 2020, adájọ́ wọ́gi lé ẹjọ́ náà, torí ìjọba ò rí i ṣe. Ta ló máa dá ojú tí wọ́n ti tà padà?

"Kì í ṣe àṣà wa." Ó dáa. Ìwé òfin tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 14, Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e ká wa lórí ní 1916. Àwọn fúnra wọn ti yọ tiwọn kúrò ní England láti 1967. Oṣù kẹta 2014, nígbà tí yíǹkì Jonathan ò tíì gbẹ, wọ́n ti ń so ọkùnrin àti ọkùnrin pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa la wá di ẹ̀wù tí onítọ̀hún bọ́ sọnù mú, a ní ti baba wa ni.

(Àǹtí mi obìnrin ń pe màmá mi ní "ìyàwó mi", màmá mi sì ń kúnlẹ̀ kí i, "ọkọ mi, ẹ ǹlẹ́". Mi ò ní nǹkan kan náà ni o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ má sọ pé ẹnu Yorùbá ò gba ọ̀rọ̀ yẹn rí.)

Ẹ tún ní ti òyìnbó ni. South Africa fọwọ́ sí i ní 2006. Brazil, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ọ̀ṣun àti Ṣàngó, ní 2013. Cuba dìbò fún un ní 2022.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin álúfàá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kóòtù ni mò ń sọ. Ẹni tó kọ ìyàwó tó fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ń lọ fẹ́ òmíràn ní kóòtù lójoojúmọ́. Fádà ò fọwọ́ sí i, ìjọba ò sì tìtorí ẹ̀ gbé e. Kí ló dé tó jẹ́ ti àwọn wọ̀nyí nìkan la ń fi ṣẹ̀wọ̀n?

Wọ́n sìnkú ní Ìlá. Wọn ò sọ ọjọ́ fún àbúrò. Orí Facebook ló ti rí fọ́tò, aṣọ ẹbí aláwọ̀ wúrà. Oṣù tó kọjá ni baba onílé ní orúkọ òkú ló wà lórí ìwé ilé, kó kó ẹrù ẹ̀ jáde.

Ẹrù wo?