Owó Tẹ́tẹ́ Bàrígà: Ẹ Dá Díẹ̀ Padà fún Bàrígà

Ẹ bá mi rìn láti Ladi-Lak dé etí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà, kẹ́ ẹ máa ka ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ lọ. Ẹ ka ti Baba Ìjẹ̀bú, ẹ ka ti bọ́ọ̀lù, ẹ ka àwọn àgọ́ onígi tí ẹnì kan jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ àti pépà nọ́ńbà. Kò ní pẹ́ tí ìka ọwọ́ yín á fi tán. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá ka ibi tí àwọn ọmọ ti ń gba lesson ọ̀fẹ́ nírọ̀lẹ́, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin ní iṣẹ́ aránṣọ láìgba kọ́bọ̀. Ìyẹn náà wà o. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tàkọ́kọ́ ń pa owó lójoojúmọ́, àwọn tìkejì ń yọ owó láti àpò ara wọn.

Àdúgbò wa ò ṣàìní ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1996 ni Ṣẹ́gun Adéfilá ti dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀, Bàrígà ni wọ́n sì fi ṣe ilé. Footprints of David náà wà ní Bàrígà, tó ń kọ́ ọmọdé ní ijó, ìlù àti eré orí ìtàgé. Àwọn tó ti lórúkọ nìyẹn. Mélòó ni àwọn tí ò lórúkọ: tíṣà kan, pátákó ìkọ̀wé kan, ọgbọ̀n ọmọ lábẹ́ páànù? Irú wọn ló máa ń bi mí lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, níbo la ti lè rí grant?"

Grant wà, mi ò ní purọ́ fún yín. Láti ọdún 1989 ni ìjọba Japan ti ní ètò kan tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú wọn fi ń ran àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké lọ́wọ́; ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti omi ni wọ́n fẹ́ràn, wọn kì í san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni. Canada ní tiwọn tó ń jẹ́ Canada Fund for Local Initiatives. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti ń pín owó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Self-Help fún àdúgbò tó bá ti dá tirẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, ilẹ̀kùn USAID tì pátápátá. Ṣé ẹ rò pé àwọn NGO ńlá tó ń jẹun níbẹ̀ máa káwọ́ lẹ́rán? Owó kékeré tí tíṣà Ìlàjẹ ń wò ni àwọn náà yíjú sí, wọ́n sì ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kọ proposal lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ọ̀pọ̀ olówó ò ní dá ẹgbẹ́ lóhùn tí kò bá ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC. Òfin CAMA ti ọdún 2020 ní kẹ́ ẹ yan trustee, kẹ́ ẹ kọ ìwé-òfin ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ 28 dúró bóyá ẹnì kan fẹ́ ta kò yín. Ìwé ìròyìn méjì! Ní ayé tí gbogbo wa ń ka ìròyìn lórí fóònù! Lẹ́yìn CAC, báńkì á tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àìmọ́. (Ọ̀fẹ́ ni SCUML o. Ẹni tó bá ní owó ìjọba ni òun ń gbà lọ́wọ́ yín níbẹ̀, àpò ara rẹ̀ ló ń gbà á sí.) Lọ́dọọdún, láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ẹ tún gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí CAC.

Mi ò ní kí wọ́n pa òfin rẹ́. Owó jìbìtì máa ń gba inú NGO kọjá lóòótọ́. Àmọ́ ẹrù kan náà ni wọ́n gbé lé fàúndéṣọ̀n olówó ní Victoria Island àti tíṣà abẹ́ páànù lórí. Tíṣà ò ríwèé ṣe, báńkì ò ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí àkáǹtì ẹgbẹ́, olówó ò ní san án sí àkáǹtì ara ẹni. Kò síwèé, kò sówó. Kò sówó, kò síwèé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní London, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí ní Peckham. Ní England àti Wales, kì í ṣe dandan kí ẹgbẹ́ aláàánú kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò tó £5,000 forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission. Bí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ní ìwé-òfin, tó ní àkáǹtì, tí ó kéré tán èèyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ara wọn, ó lè béèrè owó láti £300 dé £20,000 lọ́wọ́ National Lottery Community Fund. Ẹ tún orúkọ yẹn kà: Lottery. Owó tẹ́tẹ́ ni! Láti ìgbà tí tẹ́tẹ́ ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994 ni apá kan owó náà ti ń lọ sí irú iṣẹ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ọdún 2008 ni ìjọba Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ lórí ẹni tó láṣẹ lórí tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ fagi lé òfin National Lottery Act ti ọdún 2005, ó ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòfin lórí tẹ́tẹ́ nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Èkó fi ja ìjà yìí, wọ́n sì yege. Ẹ kú oríire. Níbo ni tiwa wà níbẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kí ilé aṣòfin Èkó kọ ọ́ sínú òfin pé ìpín kan nínú owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ padà sí àdúgbò tí wọ́n ti ta á, fún ẹgbẹ́ kéékèèké nìkan, bóyá láti ₦300,000 dé mílíọ̀nù méjì. Kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ má ju ojú ìwé méjì lọ, kó wà ní Yorùbá àti Ẹ̀gùn. Kí wọ́n lẹ orúkọ ẹni tó gbà á àti iye tó gbà mọ́ ara ògiri káńsù ní Ṣómólú àti Bàrígà, kí gbogbo ayé rí i. Kó má sì gba ọwọ́ olóṣèlú kankan kọjá. A ti mọ bí àpò ìrẹsì tó ní fọ́tò lára ṣe máa ń rìn.

Mo mọ̀ pé pásítọ̀ kan àti ààfáà kan á sọ pé owó tẹ́tẹ́ ò dáa fún iṣẹ́ Ọlọ́run. Èmi náà ò fẹ́ràn tẹ́tẹ́. Mo ti rí ọmọ tó fi owó ilé ìwé ta bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n owó yẹn ti kúrò lápò àwọn èèyàn wa ná, ìjọba sì ti ń gba tirẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní ká ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà pa, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Títí dìgbà náà, kí tíṣà Ìlàjẹ rí ṣọ́ọ̀kì rà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó rí i gbà, ẹ má káwọ́ gbera. Ẹ kọ ìwé-òfin ẹgbẹ́ sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta tó. Ẹ ra ìwé kan tẹ́ ẹ ó máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù; ìwé yẹn ni olówó kọ́kọ́ máa ń béèrè. Tí CAC bá ṣì jìnnà sí yín, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ lè sá sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló ni ín. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí grant tó jáde, olè ni, ẹ dí nọ́ńbà rẹ̀ pa.

Aṣòfin méjì la ní ní Aláúsà, ti Ṣómólú Kìíní àti ti Ṣómólú Kejì. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí wọn: ọmọ mélòó lẹ̀ ń kọ́, èló lẹ̀ ń ná lóṣù, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ mélòó ló wà ní òpópónà yín. Ṣómólú la wà, a ò wá ibi tí wọ́n á ti tẹ̀wé tì.