Ìgbafẹ́ Lórí Omi: Ohun Tí Ìyá Ilé Gbọ́dọ̀ Mọ̀ Kí Ó Tó Kó Ọmọ Wọ Ọkọ̀

Bí ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti ń súnmọ́ tòsí, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń jáde ní ọ̀pọ̀ ilé: níbo ni a ó kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ? Àwòrán àwọn erékùṣù ilẹ̀ òkèèrè kò wọ́n mọ́ lóde òní. A ń rí àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ láti erékùṣù kan dé èkejì, tí wọ́n fi awò dé ojú wo ẹja nínú omi, tí wọ́n sì jókòó ní ìrọ̀lẹ́ wo oòrùn bí ó ti ń wọ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sí Ìlaròó tàbí Ayétòrò lè rò pé ẹni tí ó ní owó ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni irú ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Ṣùgbọ́n omi kò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Odò Yewa, tí àgbègbè wa fi orúkọ rẹ̀ jẹ́ láti 1995 nígbà tí a pa orúkọ Ẹ̀gbádò tì, ń ṣàn lọ sí gúúsù títí ó fi wọ inú ọ̀sà ní agbègbè Àgbádárìgì. Ọ̀sà yìí ni a sì lè bá lọ títí dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Dàhòmì kí ó tó yí orúkọ padà ní 1975.

Ibi méjì ni mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí. Àkọ́kọ́ ni Àgbádárìgì, tí a lè lọ kí a sì bọ̀ ní ọjọ́ kan bí a bá tètè jí. Láti Ìlaròó, a lè gba Ọ̀wọ̀dé, Àtàn àti Agbárá kí a tó bọ́ sí títì tí ó ti Èkó wá. Ní ìlú náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845. Láti etí ọ̀sà, ọkọ̀ yóò gbé wa sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun. Ojú ọ̀nà yìí ni a ti kó àwọn ẹrú kọjá nígbà òwò ẹrú: a fi ọkọ̀ gbé wọn sọdá ọ̀sà, a sì fi ẹsẹ̀ dà wọ́n gba orí iyanrìn lọ sí etí òkun, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń dúró dè wọ́n. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà lábẹ́ igi àgbọn yóò lóye ìtàn ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé lásán lọ.

Èkejì ni Ganvié, ìlú tí ó dúró lórí omi adágún Nokoué, lẹ́bàá Kútọnù. Ìtàn sọ pé nígbà òwò ẹrú, àwọn baba ńlá àwọn Tofinu sá fún àwọn jagunjagun Dàhòmì, wọ́n sì kọ́ ilé wọn sórí òpó igi láàrin omi. A ní èèwọ̀ ẹ̀sìn ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun náà lé wọn dé ibẹ̀. Títí di òní, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn. Àwọn obìnrin ń ná ọjà láti inú ọkọ̀ sí ọkọ̀, ọmọ kékeré sì ti mọ àjẹ̀ í wà. Àwọn ọkùnrin a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ inú ẹrẹ̀ adágún títí yóò fi dà bí igbó. Ẹja á wá forí pamọ́ síbẹ̀, á sì máa bí sí i, kí wọ́n tó fi àwọ̀n yí i ká. Akaja ni wọ́n ń pe irú ọgbà ẹja bẹ́ẹ̀. Láti 1996 ni Benin ti kọ orúkọ ìlú náà mọ́ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Ganvié yóò gba Ìdí-Ìrókò, ẹnubodè tí ìjọba tì ní oṣù kẹjọ 2019 tí ó sì tún ṣí ní oṣù kẹrin 2022. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àrùn ibà pọ́njú dání, ti ọmọdé pẹ̀lú. Láti Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ Yorùbá, a ó kọjá sí Kútọnù, kí a tó wọ ọkọ̀ ní èbúté Abomey-Calavi. Kí a sì rántí pé ilé onílé ni a ń lọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin Ganvié kò fẹ́ kí a ya àwòrán wọn. Ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè, bí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ fi ẹ̀rọ ayàwòrán sínú àpò. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun; ẹ̀kọ́ ìwà sì wà lára ohun tí a ń kó wọn lọ rí.

Nípa fífi awò dé ojú wo ẹja ńkọ́? Òtítọ́ ni kí a sọ fún àwọn ọmọ: kì í ṣe omi tiwa ni a ti ń ṣe é. Òkìtì iyùn tí ẹja aláràbarà ń gbé nínú rẹ̀ ń fẹ́ omi iyọ̀ tí ó mọ́ gaara, tí oòrùn lè là kọjá. Odò wa ń kó ẹrẹ̀ wọ inú ọ̀sà àti òkun, ìgbì etíkun wa sì le, ó sì máa ń fa ènìyàn sẹ́yìn láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀ yóò lọ sí São Tomé àti Príncipe, tàbí Cape Verde, tàbí Zanzibar ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Iyùn pupa tí a ń fi sí ọrùn ìyàwó pàápàá, láti Òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá látijọ́.

Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù tí ó dúró lójú kan. Ní àwọn abúlé tí ó yí adágún Ọ̀yán ká, lẹ́yìn tí a sé odò náà ní ọdún 1983, àtọ̀sí ajá bá ọ̀pọ̀ ọmọdé jà. Ìgbín omi ni ó ń gbé kòkòrò rẹ̀, kòkòrò náà a sì gba awọ ara wọlé láìsí egbò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó jù. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ kan tí ó kó àwọn tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lórí Odò Ọya ní agbègbè Pategi, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ènìyàn tí ó lé ní 100 ni ó kú. Òru ni ọkọ̀ náà ń lọ, èrò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé omi pa ènìyàn bí 300,000 káàkiri ayé ní 2021, àti pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò tí ì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé kí ìyá ilé fi ojú yẹ ọkọ̀ wò bí ó ti máa ń yẹ ẹran wò lọ́jà, kí ó tó sanwó.

Èkínní, ẹ̀wù amúniléfòó, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní làìfù-jákẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ kárí gbogbo èrò, kí ó sì bá ara olúkúlùkù mu. Ti àgbà kò yẹ ọmọdé: bí ọmọ bá bọ́ sínú omi, ẹ̀wù náà yóò yọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ di okùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ má ṣe fi ṣe ìjókòó.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́. Àṣà wa ni kí a pọn ọmọ, ó sì dára lórí ilẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ tú ọ̀já, kí ẹ sì gbé ọmọ sí àyà. Ẹ̀wù amúniléfòó a máa dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ní ìtàká lójú omi, kí ojú rẹ̀ lè wà lókè. Bí ọmọ bá wà ní ẹ̀yìn ìyá, ìyá yóò máa mí, ọmọ yóò sì wà lábẹ́ omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fún gbogbo abiyamọ tí ẹ bá mọ̀.

Ẹ̀kẹta, aṣọ. Ìró méjì àti gèlè ńlá a máa wúwo bí òkúta tí omi bá ti fa mọ́ wọn. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò gùn dé kókósẹ̀, kí ẹ sì fi fìlà abetí gbòòrò bo orí nítorí oòrùn.

Ẹ̀kẹrin, iye èrò. Ẹ béèrè iye ènìyàn tí ọkọ̀ ń gbà, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín kà wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde ya àwòrán.

Ẹ̀karùn-ún, àkókò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù, nígbà tí ìjì òjò kò sí. Ewé omi tí a kọ́kọ́ rí ní ọ̀sà Àgbádárìgì ní 1984, tí ó máa ń wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, a sì máa dínkù nígbà náà, nítorí omi òkun ń wọlé, ewé náà kò sì fẹ́ iyọ̀. Ní ti oòrùn wíwọ̀, kì í pẹ́ ní ilẹ̀ wa kí òkùnkùn tó bo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àjọ NIWA, tí ń mójú tó ọ̀nà omi Nàìjíríà, sì ti ka ìrìnàjò òru lórí omi léèwọ̀. Ẹ padà sí èbúté ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀, kí ẹ sì jókòó ní etí ọ̀sà wo oòrùn bí ó ti ń pọ́n omi. Ẹwà rẹ̀ kò dínkù nítorí pé ẹsẹ̀ wa wà lórí ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìtìjú ni ó ń dí ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́. Ọlọ́kọ̀ yóò sọ pé òun ti ń wakọ̀ láti ogún ọdún, àwọn èrò yóò sì máa kùn pé obìnrin yìí ń dá wa dúró. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn: "Ẹ má bínú, bàbá ọlọ́kọ̀. Ẹ bá wa dín èrò kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi àti àwọn ọmọ mi yóò dúró de ọkọ̀ mìíràn." Bí ó bá kọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, kódà bí owó bá ṣòfò. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí.

Nípa oúnjẹ, mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé láàrin ìwọ̀n ooru 5 àti 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i kíákíá. Oúnjẹ tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta. Bí oòrùn bá mú ju 32 lọ, wákàtí kan péré ni. Ìrẹsì tí a sè mọ́jú léwu jù, nítorí májèlé inú rẹ̀ kì í kú bí a bá tilẹ̀ tún un gbóná. Ẹ mú gààrí, ẹ̀pà, àgbọn, ẹja gbígbẹ, ẹyin sísè tí a kò tí ì bó, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ gbé omi mímu láti ilé, kí ó pọ̀.

Owó kò gbọdọ̀ di ìdènà. Àwọn obìnrin mẹ́fà tí wọ́n jọ ń dá èésú lè ya ìdá kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ìrìnàjò yìí, kí wọ́n sì jọ háyà ọkọ̀. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ dúnàá-dúrà àlọ àti àbọ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì fi ìyókù owó pamọ́ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀ padà.

Paríparí rẹ̀, ẹ pín iṣẹ́. Ìyá tí ó jí ní aago mẹ́ta òru láti dáná, tí ó bu oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn, tí ó sì tún fọ abọ́ ní alẹ́, kò tí ì sinmi. Ẹ jẹ́ kí baálé gbé omi àti ẹrù, kí àwọn ọmọ ńlá tọ́jú àwọn kékeré, kí ẹ̀yin náà lè jókòó ní etí ọ̀sà kí atẹ́gùn fẹ́ sí yín lára. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ní oṣù tí ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń yan ẹja yíyan tí kò ní kòkòrò àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Ó dìgbà náà o.