Ìrèké Ìkórè àti Kòkòrò Inú Rẹ̀

Láti ìgbà tí a ti kéde ọjọ́ ìkórè ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé sórí fóònù mi, látọ̀dọ̀ ìyá méjì àti ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ní Hamburg. Ìyá àgbà ń bọ̀ láti Èkó. Wọ́n fẹ́ di ìrèké àti ata rodo sínú àpótí, kí a lè so ìrèké mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn bí a ti ń ṣe é nílé. Ṣé wọ́n lè gbé e wọlé?

Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé "ẹ má ṣe é" lásán kì í tẹ́ ọ̀dọ́ lọ́rùn, kò sì yẹ kó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Èmi náà ti gbé e rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sílé lọ lo ìsinmi, mo gé ìrèké mẹ́rin, mo fi àdìrẹ wé e, mo sì tò ó sí ìsàlẹ̀ àpótí. Aṣọ́bodè tó ṣí i kò pariwo mọ́ mi. Ó mú ọ̀bẹ, ó la ọ̀kan ní àárín, ó sì nà án sí mi kí n wò ó. Inú rẹ̀ ti pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, ihò kan là á kọjá láti oríkèé kan dé èkejì, ìdin kan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń yí orí nínú ihò náà. Ojú tì mí ju bí inú ṣe bí mi lọ. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ó yẹ kí n ti rí ojú ihò tíntín tó wà lára èèpo rẹ̀ kí n tó san owó.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń lu ìrèké báyìí. Àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀kan ní Eldana saccharina, wọ́n ń pe èkejì ní Sesamia calamistis. Àfòpiná ni ìyá wọn. Òru ló ń fò, ó ń yé ẹyin sábẹ́ ewé tó ti gbẹ mọ́ ara ìrèké, ìdin tó bá pa sì máa lu èèpo wọnú. Tó bá ti wọlé tán, oògùn tí àgbẹ̀ bá fín kò lè kàn án mọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ owó oògùn fi ń ṣòfò. Ohun tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ ni kí ó máa ya ewé gbígbẹ kúrò lára ìrèké, kí ó má jẹ́ kí ó gbó jù lóko, kí ó palẹ̀ pòròpórò tó kù mọ́ lẹ́yìn ìkórè, kí ó sì yan èyí tí kò ní ihò láti fi gbìn. Eldana kì í ṣe ará oko ìrèké tẹ́lẹ̀. Inú koríko etí odò ló ń gbé kí ìrèké àti àgbàdo tó pọ̀ débi tí ó fi ṣí wá. Ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bá gbin ìrèké sí lọ́nà jíjìn, bíi Bacita ní Kwara, tí wọ́n dá iléeṣẹ́ ṣúgà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, oúnjẹ rẹpẹtẹ ni wọ́n tẹ́ kalẹ̀ fún un.

Ọmọbìnrin Hamburg yẹn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Aunty, ìrèké ò lè hù ní Jámánì. Kí ni kòkòrò náà fẹ́ jẹ níbí?" Ìbéèrè tó dára ni. Sesamia ń jẹ àgbàdo pẹ̀lú, ẹ sì wo bí oko àgbàdo ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Berlin sí Hamburg. Ti ata tilẹ̀ burú jù. Àfòpiná kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tí orúkọ rẹ̀ gùn, Thaumatotibia leucotreta. Ìdin rẹ̀ ń jẹ inú ata, inú ọsàn, inú gúáfà, ó sì ń jẹ inú èso òwú. Ata tó ń dán ní ìta lè ní i nínú. Àwọn tó ń gbin ata sínú ilé onígíláàsì ní Yúróòpù ń bẹ̀rù rẹ̀ gan-an, nítorí ooru inú ilé yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Òfin rèé. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2019, èso tútù, ewébẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn tó ṣì ní ẹ̀mí, tí èrò bá gbé láti Áfíríkà wọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bó jẹ́ ata mẹ́ta péré, ọ̀kan náà ni. Márùn-ún ni òfin yọ sílẹ̀: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, dàbínù, àti dúríánì tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì fojú rí. Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NAQS ló ń fúnni ní ìwé náà. Gaàrí, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ tí a ti gún kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹran àti wàrà ní òfin tiwọn, ó sì le jù báyìí lọ.

Ẹ má rò pé nítorí àwa ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1898, ápù Amẹ́ríkà ni Hamburg ń bẹ̀rù. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú San José ní California pè ń fa omi ara igi èso títí igi á fi kú. Jámánì ṣòfin lòdì sí i lọ́dún yẹn, Hamburg sì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní èbúté láti máa yẹ èso inú ọkọ̀ ojú omi wò. Àwọn aṣọ́bodè tó ń la ìrèké wa lónìí, iṣẹ́ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ń ṣe.

Mo mẹ́nu ba òwú. Bàbá mi máa ń gbin díẹ̀ lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, àwa ọmọ la sì ń kó kòkòrò rẹ̀. Àwọn pupa tó máa ń gùn mọ́ èso tó là, tí wọ́n ń fa omi kóró rẹ̀ tí wọ́n sì ń ba funfun òwú jẹ́, ni à ń gbọ̀n sínú agolo kẹrosíìnì. Tí ìkórè òwú bá tán, bàbá mi á fa gbogbo igi rẹ̀ tu, á sun ún, kò sì ní gbin òwú síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. A rò pé wàhálà lásán ni. Inú igi àti èso tó kù nílẹ̀ ni ìdin máa ń sùn sí de òjò.

Hamburg ní ìtàn òwú Áfíríkà tirẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1900, ọkùnrin dúdú mẹ́rin láti ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama wọ ọkọ̀ ojú omi láti New York wá sí Hamburg, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ sí Togo: James Calloway, John Robinson, Allen Burks àti Shepherd Harris. Ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Berlin ló bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, kí wọ́n lọ kọ́ àwọn ẹ̀yà Ewe bí a ti ń gbin òwú fún Jámánì. Àwọn Ewe ti ń gbin òwú tipẹ́ láàárín àgbàdo àti iṣu. Ẹṣin tí àwọn àlejò fẹ́ fi túlẹ̀ kú nítorí eṣinṣin tsetse, èèyàn ló wá ń fa ẹrù. Lójú tèmi, ẹni tó ń gbin òwú mọ́ àgbàdo mọ nǹkan tí Berlin kò mọ̀, nítorí kòkòrò kì í tètè tàn kálẹ̀ níbi tí oúnjẹ rẹ̀ bá wà ní àlàfo àlàfo. Togostraße ṣì wà ní Wedding. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Berlin, ẹ béèrè ìtàn orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Jámánì náà fún àgbẹ̀ òwú ní nǹkan kan, láìmọ̀. Ní 1911, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ernst Berliner kọ̀wé nípa àìsàn tó ń pa ìdin àfòpiná inú ìyẹ̀fun, èyí tó wá láti ilé ìlọ̀ kan ní Thuringia. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á, ó sì sọ ọ́ ní Bacillus thuringiensis. Ará Japan kan, Ishiwata, ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lára kòkòrò sẹ́dà ní 1901. Tí ìdin bá jẹ ẹ́, májèlé rẹ̀ á dá ihò sí ìfun rẹ̀, kò ní lè jẹun mọ́, á kú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìfun èèyàn. Lónìí, wọ́n ti fi jíìnì rẹ̀ sínú òwú. Nàìjíríà fọwọ́ sí irúgbìn méjì bẹ́ẹ̀ ní 2018. Burkina Faso ti gbìn ín láti 2008, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 2016 nítorí fọ́nrán òwú rẹ̀ kúrú, ọjà kò sì sanwó tó yẹ. Ní Íńdíà, irú ìdin kan ti mọ́ra pẹ̀lú májèlé náà. N kò sá fún irúgbìn yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á tí kò fa igi òwú rẹ̀ tu lẹ́yìn ìkórè, owó rẹ̀ ló sọ nù.

Ọ̀rọ̀ ìkórè wa wá kù. Tí ẹ bá rí ìrèké ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa níbí, ẹ yẹ èèpo rẹ̀ wò fún ihò àti ìyẹ̀fun kékeré lẹ́nu ihò. Tí kò bá sí, ọmọ kan ti dá a lábàá pé kí a so gbòǹgbò ṣúgà ilẹ̀ Jámánì mọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí ní Berlin níbí ni Andreas Marggraf ti fi hàn ní 1747 pé ṣúgà inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìrèké. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo gbà. Ìyá àgbà náà ti gbọ́ lórí fóònù. Wọ́n ní ó dáa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ làwọn máa kó wá.