Ẹ Ṣí Yàrá Sáyẹ́ǹsì Sílẹ̀ Fún Àwọn Ọmọ

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú. N ó sọ ọ́ lónìí bó ṣe rí. Bó bá bí ẹnikẹ́ni nínú, kó bí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì rárá. Àkọ́sórí ni. Tíṣà á wọlé, á kọ nóòtù kún ojú bọ́ọ̀dù láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ á dà á kọ, aago á lù, ó parí nìyẹn. Ọmọ á lè kà á bí ewì pé ásíìdì a máa sọ pépà litmus aláwọ̀ búlúù di pupa, bẹ́ẹ̀ kò fojú kan litmus rí, kò sì mọ̀ pé ásíìdì ló wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ tí ìyá rẹ̀ fún sórí ẹja láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní sáà tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó wà ní JSS 2 ya maikirosíkóòpù sínú ìwé rẹ̀. Àwòrán náà dára débi pé mo pe ìyá rẹ̀ kó wá wò ó. Gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà ló dárúkọ, wọ́n sì fún un ní 18 nínú 20. Mo bi í pé, "Níbo lo ti rí i?" Ó ní, "Ojú bọ́ọ̀dù ni, Dádì." Ó ní òun béèrè lọ́wọ́ tíṣà pé ìgbà wo làwọn máa rí èyí tó jẹ́ ojúlówó, tíṣà ní kó lọ kúnlẹ̀, pé àṣejù rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di ilé-ìwé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì ṣí yàrá sáyẹ́ǹsì fún mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, maikirosíkóòpù méjì ló wà níbẹ̀! Ọ̀rá ni wọ́n fi wé wọn, eruku sì ti bo ọ̀rá náà. Mo ní, "Mà, kí ló dé tí àwọn ọmọ kì í fi í rí wọn?" Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ yìí á bà á jẹ́. Bí àwọn inspẹ́kítọ̀ bá dé, kí la fẹ́ fi hàn wọ́n?"

Ẹ gbọ́ bí? Ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́ ti di nǹkan àfihàn fún àlejò, bí àwo tánganran tí ìyàwó ilé tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí àwọn ọmọ ilé sì ń fi àwo ike jẹun.

Ìgbà tí ọmọ bá dé SS 3 la ó tó mọ ohun tí ìwà yìí dá sílẹ̀. Ìdánwò práńtíkà á kù díẹ̀, wọ́n á sáré lọ wá tíṣà kẹ́mísírì kan láti ibòmíràn, ọmọ á sì di burette mú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Òbí tó ti ń san owó práńtíkà bọ̀ láti ọdún mẹ́ta á tún gbọ́ pé kí òun mú nǹkan wá sí i, kí ẹnìkan lè "ran àwọn ọmọ lọ́wọ́" ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Gbogbo wa la mọ irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi kọ́ra báyìí ni yóò wọ yunifásítì lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí iṣẹ́ apoògùn, ẹ̀yin àti èmi ni yóò sì tọ́jú lọ́la.

WAEC ní ìdánwò kan fún àwọn tó ń fúnra wọn forúkọ sílẹ̀ láìsí nílé-ìwé. Alternative to Practical ni orúkọ rẹ̀. Orí ìwé ni wọ́n ti ń dáhùn ohun tí àwọn yòókù ń fi ọwọ́ ṣe. Mo gbà fún wọn, wọn kò sí nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lójoojúmọ́, tí wọ́n kọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì sí nǹkan bí ogún ẹsẹ̀ bàtà sí kíláàsì rẹ̀, ta ló sọ tirẹ̀ náà di alternative?

Wọ́n á ní kò sówó. Orin tí wọ́n ń kọ látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, owó wà: ìjọba kó ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọlé láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá ni wọ́n wà títí wọ́n fi dípẹtà, nítorí iná mànàmáná kò sí, ilé tí wọn ì bá kó wọn sí kò sí, ẹni tó mọ̀ wọ́n lò kò sì tó. Owó nìkan kọ́ ló ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù ti wó ilé-ìwé lulẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Olùkọ́ kan ní Ìlú Ọba, J. P. Stephenson, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ogun ti bàjẹ́, UNESCO sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1948. Kí ló wà níbẹ̀? Bí èèyàn ṣe lè fi agolo, ìgò, wáyà àti pákó ṣe ohun èlò tí yóò fi kọ́ ọmọ. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ ìwé ńlá UNESCO Source Book for Science Teaching jáde ní 1956. Àwọn òyìnbó tí a rò pé inú lábù olówó iyebíye ni wọ́n bí wọn sí, agolo ni wọ́n mú nígbà tí ìyà jẹ wọ́n. Àní ṣáájú ogun pàápàá, Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ dídi ìwé ní ọmọ ọdún 14, fi àbẹ́là lásán kọ́ àwọn ọmọdé ní kẹ́mísírì lẹ́ẹ̀mẹfà ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà Kérésìmesì 1860. Ta ni kò lè ra àbẹ́là?

Àwa tiẹ̀ ní ju àbẹ́là lọ. Ẹ lọ wo àwọn aláró Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo. Aṣọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ láti inú ìkòkò aró ẹ̀lú, àwọ̀ ewé ló máa ń mú jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ni yóò máa di búlúù lójú yín. Ọ́síjìn ló ń ṣe é. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú a máa jó èèpo kòkó di eérú, wọ́n á fi omi sẹ́ ẹ, wọ́n á po omi náà mọ́ àdín lórí iná títí yóò fi di ọṣẹ. Ohun tó wà nínú ìwé kẹ́mísírì SS gan-an nìyẹn. Gààrí ńkọ́? Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírin, kíkan, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan nínú agbada ló ń lé e lọ. Ṣé ẹ ti gbọ́ pé tíṣà kan kó kíláàsì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ rí? Bí owó ọkọ̀ bá wọ́n, ṣé ìyá náà kò lè wá sí ilé-ìwé ni?

Lẹ́yìn tí mo ti ilé-ìwé yẹn dé, èmi àti ọmọ mi ṣe tiwa ní ilé ìdáná. A ra ìṣápá pupa gbígbẹ, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. A da omi gbígbóná lé e, a sẹ́ ẹ, a pín in sí ife mẹ́ta. A kò fi nǹkan kan sí ti àkọ́kọ́, kí a lè máa rí bí àwọ̀ rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkejì: ó pọ́n yòò. A ń ro omi eérú tó tòrò sí ìkẹta díẹ̀díẹ̀: pupa rẹ̀ ṣú, ó ṣe bí aró, ó tún ń lọ sí àwọ̀ ewé. Ọmọ náà pariwo! Kò sẹ́ni tó rán an tó fi lọ bu omi ọṣẹ, ó bu omidùn, ó ń dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Omidùn ṣe bí ti ọsàn wẹ́wẹ́. Ó wá yíjú sí mi: "Dádì, ṣé ohun tó mú ọsàn kan náà ló mú ògì kan?" Ìwé mẹ́wàá lèmi kà ní tèmi, inú ìwé la ti jọ lọ wá a. Ásíìdì ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti ọsàn, ọ̀tọ̀ ni ti ògì. Ìbéèrè yẹn gan-an ni sáyẹ́ǹsì, kò sì sí lójú bọ́ọ̀dù kankan.

Mo mọ ohun tí àwọn tíṣà máa sọ, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ tì. Ọgọ́rin ọmọ wà nínú kíláàsì kan, owó oṣù ń fà, ìwé-ẹ̀kọ́ ìjọba sì gùn bí ọ̀nà Ìlọrin. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ń bá ìjọba jà lórí iye ọmọ inú kíláàsì àti lórí owó oṣù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ṣùgbọ́n ọgọ́rin ọmọ, ọ̀nà mẹ́wàá ni, mẹ́jọ mẹ́jọ. Agolo mílíìkì mẹ́wàá, ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan, kí wọ́n gbìn ín, kí àwọn kan bomi rin ín, kí àwọn kan má bomi rin ín, kí wọ́n gbé àwọn kan sínú òkùnkùn. Ṣé ìyẹn náà ń dúró de owó oṣù? Àwọn kan á ní ewu wà níbẹ̀, ọmọ lè jóná. Ọmọ tó ń dín àkàrà ní ìdájí kó tó wá sí ilé-ìwé!

Ní ti èdè, ẹ jẹ́ kí n yára fi kàn án. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí nínú ife ìṣápá yẹn kò ní nílò kíkọ́ ọ sórí.

Ẹ̀yin òbí, ìpàdé PTA sáà yìí kò ní pẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ orùlé tó ń jò àti ọ̀rọ̀ owó yúnífọ́ọ̀mù ni wọ́n á kó síwájú yín bí ìṣe wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Kí ẹnìkan wá dìde, kó fara balẹ̀ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí ọmọ kan wọ ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Kí gbogbo ilé dákẹ́ títí wọn yóò fi dáhùn. Bí wọ́n bá ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù, ẹ dá owó jọ níbẹ̀ kí ẹ ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ.